Ẹ̀ṣẹ̀ Kàkó: Ìjà Ìwà àti Ìgbàgbọ́ nínú Ayé Ìtàn Fágúnwà

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn lámèyítọ́ ni pé oníwàásù ni D. O. Fágúnwà. Wọ́n ní ọmọ Òkè-Igbó yìí, tí a bí ní ọdún 1903, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gba ẹ̀sìn Kristi, kàn fi ìtàn iwin gbé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jáde ni. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Bí a bá dúró lórí rẹ̀, a ó rò pé ìjà ìwà inú ìwé rẹ̀ kò ju ìjà ènìyàn àti iwin lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tí ó jáde ní ọdún 1938. Oògùn wà nínú orúkọ Àkàrà-oògùn, síbẹ̀ ó ń ké pe Ọlọ́run nígbà ìpọ́njú. Ọba rán an àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Lángbòdó fún ire ìlú. Bí wọ́n ti fẹ́ gbéra, obìnrin Kàkó rọ̀ mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkó pa á, ó sì bá ẹgbẹ́ lọ. Kò sí iwin níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ìlú sì ni àwáwí rẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní Woodbridge níhìn-ín bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọlọ́run tí wọ́n ń ké pè kò rí Kàkó ni?” N kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo tún ìwé náà kà, mo ṣàkíyèsí pé agbára ni ó gbé àwọn ọdẹ dé Lángbòdó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gbẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje bí ọmọ ilé-ìwé. Àdá àti oògùn kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Etí ni wọ́n nílò. Lójú tèmi, ohun tí Fágúnwà ń pè ní ìgbàgbọ́ ni kí akọni gbà pé òun pàápàá nílò ìtọ́sọ́nà.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ Ìrágbèje kò jí òkú. Àléébù ìtàn náà ni pé ó tètè kọjá lára obìnrin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé náà kọ́ ọmọ lókè òkun, ẹ má ṣe fo ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti lè kọ́ láti béèrè ẹni tí ó ń san gbèsè ohun tí a ń pè ní ire ìlú.