Èwo, Mélòó, Kelòó

Nínú gbogbo ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 1, ẹ̀kọ́ dátà ló dùn mọ́ mi jù, torí ọjọ́ rẹ̀ la máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, tí a ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, wọn á fa igi kan sínú ìwé: ti ọ̀kadà lọ́tọ̀, ti dáńfó lọ́tọ̀, ti àjàgbé lọ́tọ̀. Bí igi bá pé mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Ní márùn-ún márùn-ún náà kúkú ni àwọn baba ńlá wa ṣe ń ka owó ẹyọ.

Kò sí ọdún tí ìjà kì í bẹ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ṣé ọkọ̀ ni àbí alùpùpù? "Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ma!" N kì í là wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni yóò pinnu kí a tó fa igi àkọ́kọ́. Ẹni tó bá yí ìsọ̀rí padà lágbedeméjì, kó lọ tún gbogbo rẹ̀ kà.

Ńṣe ni wọ́n ní kí àwa há oríṣi dátà sórí nígbà tiwa. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ẹnu wa ti pín in sílẹ̀. "Èwo lo fẹ́ràn?" Àmàlà, iyán, ẹ̀bà: ìsọ̀rí nìyẹn. "Mélòó?" Kíkà ni; kò sẹ́ni tó ní ẹ̀gbọ́n méjì àbọ̀. "Báwo ló ṣe ga tó?" Ẹ gbé téèpù wá, wíwọ̀n ni, àbọ̀ lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n "kelòó" ni ààyò mi. Ọmọ kelòó ni ẹ́ nílé? Ìkẹta. Nọ́ńbà ló jọ, ipò ló sì ń sọ.

Mo tún máa ń kọ 9 àti 10 sójú pátákó, nọ́ńbà tí Rashidi Yekini àti Jay-Jay Okocha wọ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994. Kíá, wọ́n á ti ṣírò àárín wọn: 9.5. "Ta ló wọ ìyẹn?" Ẹ̀rín á sọ.

Lọ́dún kan, mo rán wọn lọ bi àwọn ìyá ọjà pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Ìyá elélùbọ́ kan lé wọn dànù: a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ! Ẹ̀bi tèmi ni. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, a sì pààrọ̀ ìbéèrè: kóńgò mélòó ni wọ́n tà lánàá?

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ ọ́ pé a dúpẹ́."

Ọmọbìnrin kan gbé bírò sókè. "Ma, abẹ́ èwo ni kí n kọ 'a dúpẹ́' sí?"