"Ó Ti Kàwé Tán": Iṣẹ́ Méjì tí Fágúnwà Gbé Lé Òǹkàwé Lọ́wọ́

Nínú èdè wa, ènìyàn a máa kàwé tán. "Ọmọ mi àgbà ti kàwé tán, iṣẹ́ ló ń wá báyìí." Bí ìyá kan bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìdímù, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè pé ìwé wo ni ọmọ náà kà. Sàtífíkéètì ti dọ́wọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ kan náà, "kà", la fi ń ka owó tí a sì fi ń ka ìwé, ó sì dà bíi pé àwa ará Èkó ò fẹ́ kí méjèèjì jìnnà síra.

Ẹ rìn lẹ́bàá títì tó ti Ìkòtún bọ̀ sí Ìdímù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Ìwé tí ẹ ó bá lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, tàbí lórí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kò ju oríṣi mélòó kan lọ: ìwé àdúrà, ìwé ìdánwò, àti ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń là. Nínú ẹ̀yìí tó gbẹ̀yìn ni Think and Grow Rich ti Napoleon Hill wà, àti Rich Dad Poor Dad ti Robert Kiyosaki, èyí tó jáde ní 1997. Ayédèrú ló pọ̀ jù nínú wọn, lẹ́tà wọn a sì máa wọ́ bí ìlà aláǹgbá. Mo ti ra méjì rí. N kò bú ẹni tó ń rà wọ́n: owó ilé ń lé e, ọmọ ń dàgbà, kò mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun jápa. Ó fẹ́ kí ojú òun là sí ọ̀nà. Ìbéèrè mi ni pé ṣé irú kíkà tí ìwé wọ̀nyẹn ń béèrè lè la ojú ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1937 ni ìwé Hill jáde ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni àwọn CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde l'Ékòó, ìwé tí D. O. Fágúnwà, tíṣà ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Àwọn méjèèjì ló ń ṣèlérí fún òǹkàwé. Hill ka ìgbésẹ̀ 13 sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni bá tẹ̀ lé e, ó ní owó dé. Fágúnwà ò ka nǹkan kan. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti pe òǹkàwé sí kọ̀rọ̀, ó fi ìwé rẹ̀ wé ìlù tí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jó, ó wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ méjì. Èkíní, bí ẹnìkan nínú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé gba ipò onítọ̀hún, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Bí ẹlòmíràn bá sì fèsì, kó gbọ́ ọ bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bá wí. Èkejì, kí òun fúnra rẹ̀ máa yọ ọgbọ́n inú ìtàn bó ṣe ń lọ.

Àwọn kan máa ń fo ojú ewé yìí kí wọ́n lè tètè bá iwin pàdé. Àṣìṣe ni. N kò tíì rí ibòmíràn tí òǹkọ̀wé Yorùbá ti ṣàlàyé ìwé kíkà tó báyìí, pàápàá bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe tò tẹ̀ léra. Ara ló kọ́kọ́ wọlé, ọgbọ́n ló tẹ̀ lé e. Ìwé ẹ̀bá títì yọ ọgbọ́n sílẹ̀ dè ọ́, ó bó o, ó gé e, kò ku ohun tí eyín rẹ yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà wò, Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Ọba ti rán àwọn ọdẹ sí Òkè Lańgbòdó. Ìyàwó Kàkó dì í mú, kò fẹ́ kó lọ, Kàkó sì pa á. Ìrìn àjò ò torí rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ń ka ìwé bí ẹni ń ṣa ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀ níbí pé akọni tó mọ ibi tó ń lọ kì í jẹ́ kí ohunkóhun dá òun dúró. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀bá títì, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ èkíní kò lè kọ ọ́. Òun ni wọ́n dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé ohun ìjà. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ti ń fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ìrìnnà, ojú rẹ̀ á là lóòótọ́, kì í ṣe sí ọ̀nà tí yóò gbà, sí ohun tí ọ̀nà náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fágúnwà alára ò pa òfin rẹ̀ mọ́ títí. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ilé baba ọlọ́gbọ́n tó ń jẹ́ Ìrágbèje, ọjọ́ méje gbáko ni baba náà fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti já iṣẹ́ kejì gbà lọ́wọ́ òǹkàwé. Ó kúrò ní kíláàsì, ẹgba ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ ti fi ojú jọ ìwé Hill jù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gbé oorun wá.

Ilé ìwé wa sì fara jọ ilé Ìrágbèje ju ìyókù ìwé náà lọ. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkẹjà wà, Ìdímù sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 kàn án. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n kíkà tí ilé ìwé fi kọ́ wa láti ìgbà náà ni ti ìbéèrè márùn-ún nísàlẹ̀ ojú ewé: ta ló ṣe é, níbo, kí ló dé. Ẹlòmíràn ló ti mọ ohun tí a ń wá. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà kà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kó tó rí ìwé onígbèésẹ̀ 13 gẹ́gẹ́ bí ìwé gidi.

Ẹ̀yin tí Ògbójú Ọdẹ wà nílé yín, ẹ wá ojú ewé Kàkó. Ẹ kà á sókè fún ẹnìkejì yín, kí ẹ̀yin ṣe Kàkó, kí òun ṣe ìyàwó. Lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ ipò, kí ẹ tún un kà.