Awọ Kì Í Ṣe Rọ́bà: Ohun Tí Àbàjà Òró Fi Han Oníṣirò

Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ ìṣirò yìí kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wo bí awọ ara ṣe ń ya, kó kàn mú un bíi rọ́bà, kó máa bá ìṣirò rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, tó ti rí ilà àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbà, kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìlànà tí a fi ń ṣírò yíya. Lọ́dún 1958 ni Kachanov gbé iye tó ń díwọ̀n ìbàjẹ́ wọnú ìṣirò. Lónìí, òdo ni a ń kà á nígbà tí nǹkan ṣì pé, oókan nígbà tó bá ya tán. Irin ló ń rò nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó gbé e wá sórí ẹran ara.

Karl Langer ni ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn bíi tirẹ̀ kò kà. Lọ́dún 1861, ní Vienna, ó fi irin ẹlẹ́nu róbótó gún awọ òkú. Ihò náà kò dúró ní róbótó; ó là gbọọrọ bí ojú abẹ́rẹ́, ibi tó sì kọjú sí yàtọ̀ láti apá dé àyà dé ojú. Èdè Jámánì ló fi kọ ìwé rẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́nrán kólájínì ló fà á tí ihò náà fi là gbọọrọ. Wọ́n rí kọ́lọkọ̀lọ nínú awọ, púpọ̀ wọn sì dorí kọ ìhà kan. Bí a bá fa awọ díẹ̀, wọ́n á nà. Bí wọ́n bá nà tán, awọ á le lójijì. Holzapfel, Gasser àti Ogden ti fi ìhà fọ́nrán sínú ìṣirò ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ọdún 2000. Ẹlẹgbẹ́ mi kò lè ní òun ò gbọ́.

Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹgbá. Òró ni ilà àbàjà òró dúró. Àbàjà mìíràn wà tó sùn ní ìbú. Abẹ olóòlà kan náà, ọwọ́ kan náà, jíjìn kan náà: èyí tó bá fọ́nrán rìn kò ní là púpọ̀, èyí tó gé fọ́nrán ní ìbú á yanu, àpá rẹ̀ á fẹ̀. Nínú rọ́bà ẹlẹgbẹ́ mi, ìbejì ni méjèèjì. Awọ náà ni ojú ìlù; àwọn àyàn ṣáà mọ̀ pé ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Ìmọ̀ràn nìkan ni àwọn kan gbọ́ níbẹ̀. Èmi gbọ́ fọ́nrán tó ń já lọ́kọ̀ọ̀kan kí ojú tó rí i.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí, nǹkan mìíràn ló wá ń dùn mí ju rọ́bà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwòṣe wa, ìbàjẹ́ kì í dínkù. Pípọ̀ ló ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilà kì í parí síbi tí abẹ dé. Ó ń jiná, ó ń hun kólájínì tuntun; lára ẹlòmíràn, àpá á wú kọjá ààlà ọgbẹ́, èyí sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ọdún 2003, ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ àbàjà sì ń dínkù. Ohun èlò tó ń fa awọ díẹ̀ láìdun ẹni ti wà. Kí a wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn àgbà tó bá gbà fún wa, lóòró àti níbùú, nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà láyé.