Ibi Tí Ọwọ́ Chiropractor Yẹ Kó Dúró: Àríwísí Lórí Ìdájọ́ Texas

Ẹjọ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà, tó yẹ kí gbogbo ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìpínlẹ̀ náà ló pe ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ àwọn chiropractor lẹ́jọ́. Àwọn chiropractor ni àwọn tí ń fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti ti ọrùn, tí ẹ máa ń gbọ́ tí oríkèé ń dún lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Texas, wọ́n sì dá a ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Ìgbìmọ̀ náà ló jàre. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ kan, ó ṣìnà lórí èkejì, ibi tó ti ṣìnà yẹn gan-an ló sì kan ẹni tó ń wá ìwòsàn. Mélòó kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ló ń gbé ní Houston lónìí, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1895 ni D. D. Palmer bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ: ọwọ́ àti ìṣe. Ní 1906, wọ́n ju Palmer sẹ́wọ̀n pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn láìní ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e náà fi aṣọ péńpé roko ọba. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n pààrọ̀ èdè. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe "diagnosis", "analysis" làwọn ń ṣe. Àwọn kì í wo àrùn, eegun làwọn ń tò. Ní 1907, ní ìlú La Crosse ní Wisconsin, wọ́n gbé Shegataro Morikubo lọ sílé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣàlàyé pé iṣẹ́ chiropractor dá dúró gedegbe, kò sí lára iṣẹ́ tí òfin ní kéèyàn gba ìwé àṣẹ fún. Wọ́n dá a sílẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu di asà.

Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin fún iṣẹ́ náà (Kansas ló ṣíwájú ní 1913, Louisiana ló kẹ́yìn ní 1974), asà yẹn bá wọn wọnú ìwé òfin. Òfin Texas gba chiropractor láyè láti yẹ ipò eegun ẹ̀yìn, iṣan àti eegun ara wò. Nígbà tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ló lò: "analyze", "examine" àti "evaluate". "Diagnose" kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Inú òfin àwọn dókítà ni ìyẹn wà.

Àwọn dókítà wá ní bí ọ̀rọ̀ náà kò ti sí níbẹ̀, chiropractor kò gbọdọ̀ sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Austin kò gbà fún wọn ní 2012, èmi náà kò sì gbà. Ẹ bá mi wò ó ní Yorùbá. "Wá" àti "rí" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì lóòótọ́. "Wá" ni iṣẹ́, "rí" ni òpin rẹ̀. Àmọ́ ta ló máa rán ọmọ pé kó lọ wá ewúrẹ́, tó máa tún kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ rí i? Ẹni tí òfin ní kó ṣàyẹ̀wò ẹ̀yìn mi, òfin náà ló ní kó sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi.

Nínú ìdájọ́ 2012 yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tún wà níbẹ̀. Òfin ní chiropractor kò gbọdọ̀ la ara ènìyàn. Àwọn chiropractor fẹ́ máa ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ inú iṣan láti fi wo bí iná ara ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kì í lani. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á fẹ́ gbè wọ́n lẹ́yìn, torí pé a ò jẹ́ fi "gún" pe "là" láéláé. Ṣùgbọ́n òfin náà fúnra rẹ̀ ti fi kún un pé abẹ́rẹ́ tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kò sí lára ohun tí òun kà léèwọ̀. Bí bàbá kan bá ní "gbogbo ọmọ ilé yìí ló ń lọ sóko àfi Àjàyí", ó ti jẹ́wọ́ pé ọmọ ilé ni Àjàyí nìyẹn. Bí wọ́n bá ní láti yọ abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀, a jẹ́ pé àwọn abẹ́rẹ́ yòókù wà nínú èèwọ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wọn jù sílẹ̀, ó sì tọ̀nà.

Ó wá ku ohun méjì tí wọ́n gbé dé iwájú ilé ẹjọ́ gíga jùlọ. Èkíní ni pé ìgbìmọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ wà lára ohun tí chiropractor ń wò. Àwọn dókítà ní òfin kò dárúkọ irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ òfin Texas ni, ìjà yìí ì bá má wáyé, nítorí "iṣan" tiwa kó gbogbo wọn mọ́ra: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tí a fi ń gbé ẹrù, àti èyí tí ń jẹ́ kí ìka mọ̀ pé iná gbóná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pín wọn. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ gbà pé iṣan àti eegun kò ṣeé yẹ̀ wò láìka ohun tí ń darí wọn sí. Mo fara mọ́ ọn.

Èkejì ni mi ò fara mọ́. Ìgbìmọ̀ náà gba àwọn chiropractor kan láyè láti máa fi ẹ̀rọ yẹ bí ẹyinjú ṣe ń rìn wò, láti fi mọ ibi tí òòyì tí ń kọ́ ènìyàn ti wá. Ojú kì í ṣe eegun ẹ̀yìn. Àwọn adájọ́ ní kò sí láìfí, torí pé àyẹ̀wò náà á jẹ́ kí chiropractor mọ̀ bóyá òun lè tọ́jú ẹni náà tàbí kí òun ní kó lọ rí ẹlòmíràn. Ẹ wo àlàyé yẹn dáadáa. Àyẹ̀wò wo ni kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ti ẹ̀jẹ̀, ti ọkàn, ti ọpọlọ, gbogbo wọn ló lè sọ ẹni tó yẹ kí chiropractor dá padà. Wọ́n ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa dá àlejò tí kò yẹ kó wọlé padà, ìyẹn kò sọ pé kó máa tú ẹrù gbogbo àlejò wò. Wọ́n lè sọ pé ẹni tó bá máa ṣe àyẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń sún ààlà, òfin ni. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó kọ ìlànà yìí; mẹ́fà nínú wọn jẹ́ chiropractor. Ẹni tó ni oko ni wọ́n kó pèrègún lé lọ́wọ́ pé kó gbin ààlà.

Mi ò sọ pé àwọn dókítà mọ́. Ní 1987, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Chicago dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà lẹ́bi pé wọ́n lu òfin ìdíje nínú òwò nípa pípa àwọn chiropractor tì. Owó wà nínú ìjà yìí lápá méjèèjì. Ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò níbẹ̀ ni ẹni tí òòyì ń kọ́. Ó wọlé, ó rí "dókítà" lára ògiri, torí pé orúkọ oyè wọn nìyẹn. Èmi náà ń jẹ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ọrùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Bí ohun tó fa òòyì bá wà nínú ọpọlọ, ọjọ́ tí ẹni yẹn fi jókòó síbi tí kò yẹ lè ṣe pàtàkì gan-an.

Àwọn aṣòfin Texas ló yẹ kó tún ọ̀rọ̀ yìí kọ: kí wọ́n ka àwọn àyẹ̀wò tí chiropractor lè ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n sì fi dandan lé e pé kó sọ fún aláìsàn ibi tí àṣẹ rẹ̀ pin sí. Títí dìgbà yẹn, ẹ̀yin tó wà lọ́hùn-ún, kí ẹ tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì wọn, ẹ bi wọ́n pé: kí lẹ fẹ́ wá lára mi, bí ẹ bá sì rí i, ṣé ẹ̀yin lòfin ní kó tọ́jú rẹ̀?