Wọ́n Wọn Àwòrán, Wọn Kò Wò Ó

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2025, tí í ṣe àyájọ́ ọ́tísíìmù ní gbogbo àgbáyé, wọ́n tẹ́ aṣọ àwòrán kan sílẹ̀ ní Abuja. Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15 tó ní ọ́tísíìmù, ló yà á. Àwòrán náà fẹ̀ tó 12,304 mítà onígun mẹ́rin, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ, Guinness World Records sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àwòrán orí aṣọ tó tóbi tó o.

Inú wa dùn nígbà tí a gbọ́. Síbẹ̀, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìròyìn tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, mítà ni wọ́n kà. Ta ló wo àwòrán fúnra rẹ̀?

Rìbọ́nù aláwọ̀ púpọ̀, àmì ọ́tísíìmù, ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ojú róbótó tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù sì yí i ká. Ká sọ òtítọ́, rìbọ́nù náà kò wú wa lórí. Àmì ẹgbẹ́ ni, àwọn ẹlòmíràn ló ti ṣe é sílẹ̀. Àwọn ojú wọ̀nyẹn ló dá wa dúró. Ó máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ́tísíìmù láti ka ohun tó wà lójú ènìyàn. Ojú ènìyàn kì í dúró sójú kan. Ojú tí a yà dúró. A lè wò ó pẹ́ bó ti wù wá, kò ní bínú.

Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti Kétu dé Pobè àti Sakété. Ojú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Òkè orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ìbáà ṣe ejò, ẹyẹ, tàbí alùpùpù. Nígbà tí UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni mú ìwọ̀n wá.

Irú ìyìn yìí ti pẹ́. Stephen Wiltshire, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974, kò sọ̀rọ̀ ní kékeré. "Tákàdá" wà lára ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ òfuurufú wo Tokyo fún ìgbà díẹ̀ ní 2005, ó sì ya ìlú náà láti orí. Agbára ìrántí rẹ̀ ni aráyé ń yìn títí di òní, wọn kì í sábà mẹ́nu ba bí ìlà rẹ̀ ṣe yá gágá.

Ohun tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, bó bá jẹ́ ìtóbi la fi ń mọ iṣẹ́ ọnà, ọmọ tó ń ya nǹkan kékeré yóò sọ̀rọ̀ títí, a kò ní gbọ́. Ọ̀kan wà ní Takon níbí tí kì í fọhùn. Wọ́n ti gba ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀ rí, wọ́n ní ó ń ba ògiri jẹ́. Ẹ̀yìn tákàdá àpò sìmẹ́ńtì ló ń lò nísinsìnyí, táyà alùpùpù zemidjan nìkan ló sì ń yà, okùn irin inú wọn pé, kò sí èyí tó jọra. Bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn pamọ́ sínú àpótí.