Àlọ́ Àpamọ̀ àti Ìbẹ̀rẹ̀ Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì fún Ọmọdé

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò sílẹ̀ pé kí ni ìwúlò àlọ́ àpamọ̀, ìdáhùn kan ni ó sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: àlọ́ àpamọ̀ ń mú kí ọpọlọ ọmọdé jí pépé. Olùkọ́ a fún un ní máàkì, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Kì í ṣe pé ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ bí àlọ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú àròkọ yìí, a ó gbìyànjú láti fi hàn pé àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ ọ̀nà pàtàkì kan tí àwọn baba ńlá wa fi ń kọ́ ọmọdé ní àkíyèsí, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. A ó sì tún fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn, nítorí pé alámèyítọ́ tí ó bá ń yin nǹkan láìsọ àbùkù rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àlọ́ tí a fi ẹ̀wà pa. Àlọ́ náà sọ̀rọ̀ nípa ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ kan tí gbogbo ọmọ rẹ̀ lé tìróò. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tọ́ka sí níbẹ̀ ni ìfohunpènìyàn: a sọ ẹ̀wà di ènìyàn, a sì sọ àmì dúdú ara rẹ̀ di tìróò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àfiwé náà tó lè wáyé, ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí ti ní láti mú ẹ̀wà lọ́wọ́ kí ó sì wò ó fínnífínní. Ọmọ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ náà ní láti rántí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Bákan náà ni àlọ́ àgbàrá òjò, tí ó gba iwájú ààfin kọjá láìkí ọba. Àwàdà ni lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n àkíyèsí pàtàkì wà nínú rẹ̀: omi kì í wo ipò ẹnikẹ́ni, ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́ ni ó ń gbà.

Àkíyèsí báyìí kì í ṣe iṣẹ́ àlọ́ àpagbè. A mọ ìtàn bí Ìjàpá ṣe já bọ́ láti òkè nítorí ojúkòkòrò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́ tí a sì tò ó pọ̀. Ìtàn yìí ti dáhùn kí ọmọ tó béèrè. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá rí ọmọ ahun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin yóò rí i pé ìlà wọ̀nyẹn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó ṣe ojúkòkòrò kankan. Kí a má ṣe torí èyí sọ pé irọ́ ni àwọn baba wa pa. Ìwà ni ìtàn náà ń kọ́ni. Ẹ̀yìn ahun kàn jẹ́ ohun ìrántí ni, pé nígbàkígbà tí ọmọ bá rí ahun, kí ó rántí ibi tí ojúkòkòrò ń gbé ènìyàn dé. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ìyàtọ̀ yìí: ẹ̀kọ́ ìwà ni àlọ́ àpagbè fi ń lé ọmọ létí, àkíyèsí ni àlọ́ àpamọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, àlọ́ àpamọ̀ pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni àwùjọ ti fọwọ́ sí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì mú òmíràn wá ti kùnà. Inú iṣẹ́ tèmi ni mo ti rí èyí. Mo pa àlọ́ imú fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, èyí tí ó sọ pé gbogbo ará ilé sùn tán, àfi ẹnì kan. Ọmọdébìnrin kan dìde, ó ní, “Ọkàn ni, sà.” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, imú ni. Ó ní, “Sà, bí àbúrò mi bá sùn, mo máa ń gbé etí lé e láyà. Ó ń lù.” Mo ní kí ó jókòó, nítorí pé imú ni ó wà nínú ìwé.

Nínú òfin eré àlọ́, èmi ni mo jàre. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọmọ náà ni ó jàre. Ọkàn kì í sinmi nígbà tí a bá sùn, etí ara rẹ̀ ni ó sì fi wádìí rẹ̀. Ìwé ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rí ni òun mú wá. Èmi tí mo ń kọ́ wọn pé àlọ́ ń mú ọpọlọ jí ni mo sọ pé kí ọpọlọ tí ó jí jókòó.

Ohun tí ó kù, nígbà náà, ni kí olùkọ́ má ṣe fi ìdáhùn parí àlọ́. Kí ó tún bi ọmọ pé: Báwo ni o ṣe mọ̀? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà gbogbo? Ẹ padà sí àlọ́ ẹ̀wà. Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo ọmọ náà ni ó lé tìróò? Kí àwọn ọmọ mú oríṣìíríṣìí ẹ̀wà wá láti ilé. Wọn yóò rí èyí tí ojú rẹ̀ kò dúdú. Kí wọ́n ya èèpo ẹ̀wà tútù. Wọn yóò rí i pé ojú náà ni ibi tí ọmọ ẹ̀wà ti so mọ́ èèpo. Kí wọ́n fi aṣọ tútù wé díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀bá ojú náà ni gbòǹgbò yóò ti yọ. Owó ẹ̀rọ kankan kò sí nínú èyí.

Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ìdáhùn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pẹ̀lú: bí a bá dá ìlànà náà padà lọ́la, kí ni a ó fi èdè náà ṣe? Ohun tí ọmọ bá há sórí ní Yorùbá lè yé e ju èyí tí ó há ní Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n àhásórí ni síbẹ̀. Kò tíì wádìí ohunkóhun.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń lọ ṣe ìdánwò má ṣe kọ ọ́ mọ́ pé àlọ́ ń mú ọpọlọ jí, kí ó sì dákẹ́. Kí ó mú àlọ́ kan, kí ó sọ ohun tí ẹni tí ó pa á ti ní láti rí, àti ohun tí ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ ti ní láti rántí. Kí àwa olùkọ́ náà sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé, bí ẹ̀rí bá tì í lẹ́yìn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo pe ọmọdébìnrin náà jáde níwájú kíláàsì, mo sì ní kí ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó gbọ́ ní àyà àbúrò rẹ̀.