Nígbà Tí Ọwọ́ Bíréèkì Bá Le

Iṣẹ́ pọ̀ lára ọ̀kadà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan tí mo fẹ́ràn jù, yíyọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì dísìkì ni mo máa mú. Bílíìdì ni àwa mẹkáníìkì ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Bí ṣéènì bá dẹ̀, ojú lásán ti rí i. Àìsàn bíréèkì yàtọ̀. Inú họ́ọ̀sì ló ń fara pamọ́ sí, ọwọ́ ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àgbàlá ilé ni mo ti fẹ́ràn àtimáa ṣe é, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí ọlọ́kadà ti ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tètè ṣe é, èrò ń dúró dè mí." Bílíìdì kò fẹ́ ìkánjú.

Ọ̀pọ̀ Boxer tó ń kérò káàkiri Ìbàdàn, bíréèkì inú họ́ọ̀bù ni wọ́n ń lò. Wáyà àti ọ̀pá irin ló ń fà á, kò ní epo rárá. Ti Pulsar, Apache àti irú wọn ni mò ń sọ, èyí tó ní àwo irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Láti ìgbà tí Honda ti gbé CB750 jáde ní 1969 ni irú bíréèkì yìí ti ń di ti gbogbo ayé. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ bíréèkì, písítìnì inú másítà lórí háńdù á ti epo gba inú họ́ọ̀sì lọ bá kálípà nísàlẹ̀, kálípà á sì fi páàdì gbá dísìkì mú. Epo kì í fúnpọ̀, ìdí nìyẹn tí agbára ọwọ́ fi ń dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa fúnpọ̀. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá wọnú epo, òun lẹ ó máa tẹ̀, ọ̀kadà á sì máa lọ.

Kí n tó mú sípánà, mo máa ń tẹ ọwọ́ bíréèkì wò. Bí ó bá rọ̀ múlọ́múlọ́, tó ń le díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń pọ́ǹpù ú, afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá le nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tí mo dì í mú, tó ń rì lọ bá háńdù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí epo kò sì jò síta, róbà inú másítà ló ti jẹ. Kò sí bílíìdì tó lè wò ó sàn. Bí ó bá le gbagidi tí ọ̀kadà kò dúró, páàdì ni kí n lọ wò, bóyá ó ti dán, tàbí epo ti ta sí dísìkì. Bí táyà kò bá sì yí fàlàlà lẹ́yìn tí mo ti tu ọwọ́ sílẹ̀, písítìnì kálípà ti há, tàbí kí ihò tíntín tí epo ń gbà padà sí ilé epo lórí másítà ti dí.

Inú mi kì í dùn sí ẹni tó bá rí i pé epo ti lọ sílẹ̀, tó kàn bù ú kún, tó gbowó. Bí páàdì ti ń jẹ ni písítìnì ń jáde síwájú, tí epo ń tẹ̀lé e lọ. Epo tó lọ sílẹ̀ lè máa sọ fún un pé páàdì ti ń tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi páàdì tuntun sí i, tí wọ́n ti písítìnì padà, epo á kún àkúnya, á ṣàn sára tánkì, á sì bó ọ̀dà rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni garawa omi kì í fi í jìnnà sí mi. Omi ló ń ṣan án kúrò kó tó jẹ ọ̀dà.

Orí ìdérí ilé epo ni wọ́n ń kọ irú epo tó yẹ sí, DOT 3 tàbí DOT 4. Àwọn méjèèjì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, òjò tiwa níbí kò sì kéré. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 155 ni wọ́n gbà fún un. Ẹni tó bá ti gbé èrò sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó lọ́sàn-án gangan, tó ń tẹ bíréèkì títí, á mọ̀ pé dísìkì ń gbóná gan-an. Epo tó bá hó ti di ooru nìyẹn, ooru sì ń fúnpọ̀ bí afẹ́fẹ́.

Bí mo bá wá fẹ́ ṣe bílíìdì, róbà dírípù tí wọ́n ń tà nílé oògùn ni mò ń lò, torí ó mọ́ gaara. Mo máa fi sípánà wọ nípù kálípà, níbi tí epo ń gbà jáde, mo á ki róbà bọ ẹnu rẹ̀, mo á ti ẹnu kejì bọ ìgò tí epo díẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi á dúró ti háńdù.

"Tẹ̀ ẹ́, kó o dì í mú."

"Mo ti dì í mú, ọ̀gá."

Mo tú nípù díẹ̀. Epo dúdú yọ, ìhó tẹ̀lé e. Mo dì í padà.

"Tu ú sílẹ̀."

Bí ó bá tu ọwọ́ sílẹ̀ kí n tó di nípù, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Bí a bá sì jẹ́ kí ilé epo gbẹ, a ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni afẹ́fẹ́ tó kẹ́yìn. Òkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, àwa sì ń fà á wálẹ̀; díẹ̀ nínú rẹ̀ á há sábẹ́ másítà. Mo máa ń yí háńdù títí ilé epo á fi ga ju gbogbo ọ̀nà epo lọ, mo á ṣí ìdérí rẹ̀, mo á máa fi ìka kan fa ọwọ́ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kò ní tó ìtẹ̀ gidi. Ẹ wo ihò tíntín inú ilé epo yẹn dáadáa. Ìhó tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ á yọ, á léfòó, á bẹ́. Òmíràn á tẹ̀lé e. Mo á fi èèkù ìtúdè kan họ́ọ̀sì jẹ́jẹ́, òmíràn á tún yọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá ṣì ń rọ̀, mo máa ń fi róbà táyà so ọwọ́ bíréèkì mọ́ háńdù di ọjọ́ kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, á ti le sí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí owó ọ̀yà tó dùn tó kí ọwọ́ bíréèkì dúró gbọn-in lábẹ́ ìka mi lẹ́yìn gbogbo èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà onídísìkì, ẹ máa pààrọ̀ epo bíréèkì ní ọdún méjì-méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu epo ẹ́ńjìnnì sí i, torí róbà inú rẹ̀ á wú. Kí ẹ tó kúrò nílé láàárọ̀, ẹ tẹ ọwọ́ bíréèkì yẹn wò. Bí ó bá lọ kan háńdù, ẹ má gbé e jáde.